Káàdì ìmòòkùn: ohun tí òfin ń béèrè, àti ọ̀nà tí ará Ìbàdàn lè gbà ní i

Kò sí òkun ní Ìbàdàn. Omi ńlá tí à ń rí láyìíká wa ni adágún Ẹlẹ́yẹlé àti ti Aṣéjìrẹ́, omi ẹ̀rọ tí ìlú ń mu ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń rìnrìn àjò. Ẹlòmíì ṣègbéyàwó tán, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí Zanzibar. Ẹlòmíì dé etí Òkun Pupa ní Íjíbítì, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹja lábẹ́ omi. Òun náà fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń gbé èèyàn lọ ni: "Káàdì yín dà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì mọ́tò ni, pé ìjọba ló ń tẹ̀ ẹ́, àti pé ẹni tó bá mọ èèyàn níbẹ̀ lè gbà á láìfẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ajé lásán ni, pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ lápá méjèèjì. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìmòòkùn ló ń fúnni ní káàdì, kì í ṣe ìjọba. Àmọ́ àwọn ìjọba kan wà tí òfin wọn kò gbà kí ẹ wọ omi tí ẹ kò bá ní i. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó sanwó kò ní fi owó ṣòfò, kò sì ní fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, láti ilé títí dé ìgbà tí ẹ ó bá padà wọlé.

Àwọn wo ló ń fúnni ní káàdì?

Wọ́n pọ̀. Èyí tí ẹ máa bá pàdé jù ni PADI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966. NAUI ti wà láti 1960, SSI dé ní 1970. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní BSAC tiwọn láti 1953. CMAS, ẹgbẹ́ àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ní 1959, Jacques Cousteau ọmọ Faransé ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba nínú wọn.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè gba káàdì tí ẹ ṣe ní ìlú kan ní ìlú mìíràn ni ìlànà àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní ISO 24801. Ó pín àwọn amòòkùn sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tó wà ní ìpele kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdarí. Ẹni ìpele kejì lè bá ẹlòmíì tó ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni ìpele kẹta lè ṣáájú àwọn yòókù. Open Water Diver tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn, ìpele kejì ni. Òun ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lé bá, nítorí òun ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń béèrè.

Káàdì Open Water ti PADI kò jẹ́ kí ẹ kọjá mítà 18 sísàlẹ̀. Tí ẹ bá kọ́ Advanced lé e, ó di mítà 30. Mítà 40 ni òpin fún ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn, òun náà sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ ọdún 10 lè bẹ̀rẹ̀ tí òbí bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n káàdì ọmọdé ni wọ́n máa fún un títí á fi pé ọdún 15, omi tó sì lè wọ̀ ní ọdún 10 àti 11 kò ju mítà 12 lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Àwọn ilé ìtura etíkun máa ń ta ìtọ́wò, pé kí ẹ wá gbìyànjú fún wákàtí díẹ̀, tí olùkọ́ á di ara yín mú lábẹ́ omi. Wọ́n lè fún yín ní bébà tó rẹwà lẹ́yìn rẹ̀. Bébà yẹn kì í ṣe káàdì. Ẹ kò lè fi í wọ omi ní ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nílé

Ẹni tó máa wọ odò ni àyà ń kò, àyà kì í ko odò. Kí ẹ tó yege fún Open Water, ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ fún mítà 200 láìdúró, kò sí pé ẹ ń sáré. Ẹni tó bá wọ ìbòjú, ọ̀pá ìmí àti bàtà ìwẹ̀ máa lọ tó mítà 300. Lẹ́yìn náà ẹ ó léfòó lórí omi fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú. Nínú púùlù tó gùn tó mítà 25, àlọ mẹ́rin àti àbọ̀ mẹ́rin ni mítà 200.

Púùlù wà ní àwọn ilé ìtura ńlá Ìbàdàn, àwọn tó ń kọ́ni sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wa ni pé a mọ ìwẹ̀ níbi tí omi ti mu wá dé àyà, tí a lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nígbà tó bá wù wá. Ẹ lọ sí apá tó jìn, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ kọ́ bí ara ṣe ń dẹ̀. Ẹni tó ń bá omi jà máa ń yára mí, ẹni tó ń yára mí sì ni afẹ́fẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ ń tán kíákíá.

Ẹ má lọ gbìyànjú rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. Omi ibẹ̀ kò mọ́ débi tí ẹ fi máa rí ọwọ́ ara yín, àwọ̀n àwọn apẹja wà nínú rẹ̀, koríko ojú omi sì bo apá kan rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà gan-an kì í kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: fọ́ọ̀mù dókítà, ẹ má parọ́ níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá wọ̀nyí ló ń lo fọ́ọ̀mù ìlera kan. Èyí tó wà níta báyìí, àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn ló tún un ṣe ní 2020. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà lójú ewé àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ó sì fi dáhùn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó fọwọ́ sí i. Àwọn ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni kan á darí yín lọ sí ewé kejì, tó bá sì yẹ bẹ́ẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò kó sì fọwọ́ sí i kí olùkọ́ tó lè jẹ́ kí ẹ wọ omi.

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, nítorí mo mọ bí àwa èèyàn ṣe rí. A kì í fẹ́ fi ẹnu ara wa pe àìsàn. Bí a bá rí "ikọ́ ẹ̀fúùfù" (asthma) lórí fọ́ọ̀mù, a ó ní kì í ṣe tiwa, a ó fàlà sí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó sì gbàdúrà lé e. Ẹ gbàdúrà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ òótọ́. Lábẹ́ omi, ìdí wà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù, afẹ́fẹ́ lè há sí apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á wú, á sì fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ẹni tí wárápá bá gbé lórí ilẹ̀ lè yè é. Tó bá gbé e ní mítà 15, ohun tó ń fi mí á bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, iṣẹ́ abẹ etí, oyún: gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí dókítà mọ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mòòkùn rárá.

Jẹ́nótáìpù náà ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC, kó sọ ọ́ kíákíá fún dókítà, nítorí òtútù, àárẹ̀ àti àìtó ọ́síjìn lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ lójú àwọn dókítà ìmòòkùn. Ẹni tó jẹ́ AS, èyí nìkan kì í sábà dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó sọ òun náà. Tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù náà dání pẹ̀lú àlàyé tó wà fún dókítà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo dókítà ló ti rí irú rẹ̀ rí, àlàyé yẹn á sì là á lójú sí ohun tó yẹ kó wò. Ẹ ní kó wo etí yín pẹ̀lú. Ní UCH, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá ju ti dókítà àdúgbò lọ.

Ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ má wọ omi, bí ẹ bá tiẹ̀ ti sanwó. Imú tó dí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé inú etí, omi á sì ti awọ etí wọlé títí á fi ya.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ béèrè nọ́ḿbà olùkọ́. Olùkọ́ PADI gidi ní nọ́ḿbà, ọdọọdún ló sì ń sanwó tún orúkọ rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè lọ sí ìkànnì ẹgbẹ́ náà kí ẹ tẹ nọ́ḿbà yẹn, kí ẹ rí bóyá ó ṣì ní àṣẹ láti kọ́ni lónìí. Ẹni tó bá bínú nítorí pé ẹ béèrè, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ béèrè pé akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń kó wọ omi pọ̀: mẹ́jọ ni òpin tí PADI fi lélẹ̀ fún olùkọ́ kan nínú omi gidi ní ìpele yìí. Mẹ́rin sàn jù lójú tèmi. Ẹ béèrè bóyá ọ́síjìn ìtọ́jú wà nínú ọkọ̀, àti ibo ni ilé ìwòsàn tó ní ìyàrá ìtẹ̀ wà, ìyẹn ìyàrá irin tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí láti fi wo ẹni tó bá gòkè kánjúkánjú.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà. Ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn án, òun sì ni mo kà sí jù, pàápàá níbi tí iná kì í ti í dúró. Ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ ní ẹnu kan tó fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Tí ẹnu yẹn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa fà sínú sílíńdà. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Òun náà ló ń pa àwọn ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sùn sí kọ́rídọ̀ nílé wa. Lábẹ́ omi ó tún burú sí i, nítorí ìwọ̀n kékeré tí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ máa di ìlọ́po mẹ́rin agbára rẹ̀ ní mítà 30. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wo ibi tí páìpù ìfàmọ́ra yẹn dojú kọ, ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà lọ. Tí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà bá ń rùn bí ọ́ìlì tàbí èéfín, ẹ dá a padà. Tí kò bá sì rùn, kò tíì túmọ̀ sí pé ó mọ́. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ wọn.

Sílíńdà fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò agbára rẹ̀ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin ní kí wọ́n máa dán an wò. Tí ẹ bá rí sílíńdà tí ọjọ́ rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ yín lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀kọ́ gan-an

Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Ti ìwé, ẹ lè kà á lórí fóònù nínú ilé yín ní Bódìjà tàbí ní Mọ́níyà. Ìdánwò rẹ̀ ní PADI jẹ́ ìbéèrè 50, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ ó sì gbà kí ẹ tó yege. Ti púùlù jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ti omi gidi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ọjọ́ méjì ni ti omi gidi nìkan, ó kéré tán. Ẹni tó bá ní òun á fún yín ní káàdì Open Water ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tàbí tó ní kí ẹ fi fọ́tò àti owó ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó fẹ́ ta ayédèrú fún yín ni.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ń gbé Ìbàdàn ni láti pín ẹ̀kọ́ náà. Ẹ ka ìwé nílé, ẹ wá olùkọ́ tó ní àṣẹ, bóyá ní Èkó, kí ẹ parí ti púùlù lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò kọ ìwé ìfiránṣẹ́ fún yín, ẹ ó sì fi í lọ parí ẹ̀ẹ̀mẹrin yòókù ní Íjíbítì tàbí níbi tí ẹ bá ń lọ. Oṣù 12 ni ìwé ìfiránṣẹ́ PADI fi ń ṣiṣẹ́. Ìsinmi yín kò ní parí sínú púùlù ilé ìtura.

Nínú púùlù, ohun tó ń dẹ́rù bani jù ni ìgbà tí olùkọ́ bá ní kí ẹ jẹ́ kí omi kún inú ìbòjú. Omi á bo imú, ojú á máa ta yín, ara á ní kí ẹ dìde. Ẹ má dìde. Ẹ máa fi ẹnu mí. Ẹ gbé orí sókè díẹ̀, ẹ fi ìka méjì tẹ òkè ìbòjú mọ́ iwájú orí, kí ẹ wá fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ á dúró lókè, á ti omi jáde láti ìsàlẹ̀, ojú á sì mọ́. Ẹ ṣe é títí kò fi ní jẹ́ nǹkan kan lójú yín mọ́. Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin tó bá di irun, ẹ rí i pé irun kankan kò sí lábẹ́ rọ́bà ìbòjú, nítorí okùn irun kan tó láti gba omi wọlé. Ẹ̀yin ọkùnrin onírungbọ̀n, ti òkè ètè ni kí ẹ wò.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má ṣe sé èémí. Bárì ni wọ́n fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ tàbí omi fi ń tẹ nǹkan. Ní orí ilẹ̀, bárì kan ni afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá. Ní mítà 10 lábẹ́ òkun ó di méjì, ní mítà 30 ó di mẹ́rin. Ẹni tó mí sínú kún ní mítà 10, tó wá sé e gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á di ìlọ́po méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yìí náà ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ yín á ṣe pẹ́ tó. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ dé bárì 200 gba lítà 2,400. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ á lò ó fún wákàtí méjì. Ní mítà 10, wákàtí kan. Ní mítà 30, ìdajì wákàtí. Wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ lò ó tán: ẹ máa padà dé òkè kí bárì 50 tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òfin ibi tí ẹ ń lọ

Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíì. Òfin orílẹ̀-èdè tó ni omi ló mú yín, kì í ṣe òfin ibi tí ẹ ti wá.

Ísírẹ́lì ní òfin tirẹ̀ lórí ìmòòkùn ìgbádùn láti 1979. Ẹ gbọ́dọ̀ ní káàdì, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì, tí ó bá sì ti lé ní oṣù mẹ́fà tí ẹ ti wọ omi gbẹ̀yìn, ẹ máa kọ́kọ́ bá olùdarí wọ omi kan láti fi hàn pé ẹ kò tíì gbàgbé. Àwọn ará ilé wa tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n bá ní ọjọ́ mélòó kan láti lò ní Eilat, kí wọ́n fi èyí sọ́kàn.

Maldives fi òpin sí i ní mítà 30 fún gbogbo ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn, láti inú ìlànà wọn ti 2003. Bí káàdì yín bá tiẹ̀ sọ pé 40, 30 ni. Wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pẹ́ nísàlẹ̀ débi pé yóò ní láti dúró lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ọ̀ranyàn kó tó lè gòkè.

Faransé fi í sínú òfin eré ìdárayá wọn, Code du sport. Wọ́n pín agbára amòòkùn sí ti ẹni tí wọ́n ń darí àti ti ẹni tó lè dá lọ, mítà 60 sì ni ibi tí wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ lásán dé, fún ẹni tó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí ìmòòkùn lọ́jọ́ náà ló máa wo káàdì Open Water yín, tí yóò sì pinnu ibi tó yẹ kí ẹ dé. Ẹ má bá a jiyàn, òfin ló gbé e lé e lọ́wọ́.

Ní Queensland, ní Ọsirélíà, òfin pàtàkì lórí eré inú omi wà láti 2011. Apá kan rẹ̀ dá lórí kíka èèyàn: ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ kà yín lẹ́yìn tí ẹ bá jáde nínú omi, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò. Ìdí wà tí ọwọ́ wọn fi le báyìí. Ní January 1998, ọkọ̀ kan fi tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, Tom àti Eileen Lonergan, sílẹ̀ sínú òkun ní Great Barrier Reef, ọjọ́ méjì sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọn kò padà. Wọn ò rí wọn mọ́. Níbikíbi tí ẹ bá wà, bí òfin ibẹ̀ kò bá tiẹ̀ sọ ọ́, ẹ dúró kí wọ́n kà yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ẹ jọ wọlé.

Ní Íjíbítì, àjọ kan tó ń jẹ́ CDWS ló ń ṣàmójútó àwọn ilé ìmòòkùn, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbádùn ní káàdì. Ẹ má tìtorí èyí lọ lọ́wọ́ òfo. Ilé tó ń rọ afẹ́fẹ́ kò ní rọ ọ́ fún yín, ọlọ́kọ̀ kò ní gbé yín.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀wé sí ilé ìmòòkùn méjì ní ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ bi wọ́n pé: káàdì wo ni òfin yín ń gbà? Ṣé mo nílò ìwé dókítà, oṣù mélòó ni kò sì gbọ́dọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀? Ìnṣọ́ránsì ńkọ́? Láti ìgbà wo ló yẹ kí n ti wọ omi gbẹ̀yìn? Tí ìdáhùn méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ lọ wo ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn àjò afẹ́ níbẹ̀.

Ìwé tí ẹ ó kó dání

Káàdì, ti ọwọ́ tàbí èyí tó wà lórí fóònù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́ síbi tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé tí ẹ ń kọ gbogbo ìmòòkùn yín sí. Fọ́ọ̀mù dókítà. Ìnṣọ́ránsì: ẹ kà á dáadáa, nítorí ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò lásán lè má kan ìmòòkùn rárá. DAN, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn amòòkùn lọ́wọ́ nígbà ìjàǹbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ní 1980, wà fún irú èyí.

Orúkọ orí káàdì gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Àwa tí a ní orúkọ mẹ́rin, tí ẹlòmíì tún ti gba orúkọ ọkọ, ẹ kọ ọ́ bí páásípọ́ọ̀tù ṣe kọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Káàdì kì í kú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi ọdún kan sílẹ̀ láìwọ omi, ẹ ṣe àtúnkọ́ díẹ̀ nínú púùlù kí ẹ tó lọ.

Wíwọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé

Lábẹ́ omi, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá gòkè kánjúkánjú, ó máa ń hó jáde bí ìgbà tí a ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìdí nìyí tí a fi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Harrison Okene, ọmọ Nàìjíríà tó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ Jascon-4 tó rì létí Escravos ní May 2013, lo nǹkan bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà ní nǹkan bíi mítà 30. Nígbà tí àwọn amòòkùn rí i, wọn kò lè fà á gòkè tààrà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ì bá pa á. Inú ìyàrá ìtẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó sì lo ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú fẹ́lẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá wọ omi lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán kí ẹ tó fò. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí ọjọ́ púpọ̀, wákàtí 18. Ká ní aago 11 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lẹ jáde kẹ́yìn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti ń wọlé: aago 5 ìdájí Ẹtì ni ẹ tó lè fò, ọkọ̀ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe tiyín. Àwọn kan ń bi mí nípa ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìbàdàn ga ju òkun lọ ní igba mítà àti díẹ̀, mítà 300 sì ni ìlànà ti ń ka ibi gíga. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Mọ́níyà láìbẹ̀rù. Jos ni kí ẹ má kánjú lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń béèrè bóyá káàdì yìí lè gba iṣẹ́ fún wọn ní iléeṣẹ́ epo. Kò lè gbà á. Iṣẹ́ lábẹ́ omi ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà, Diving at Work Regulations ti 2018, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́, àyẹ̀wò ìlera tó le ju ti ìgbádùn lọ, àti ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ ló ń béèrè. Okene fúnra rẹ̀ padà sínú omi, ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí amòòkùn oníṣẹ́ ní 2015. Ẹni tó bá ń lọ sọ́nà ibẹ̀, kó má fi owó rẹ̀ ra káàdì ìgbádùn mẹ́ta lé ara wọn. Kó wá ilé ẹ̀kọ́ tí ìwé rẹ̀ bá ti IMCA mu, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ ṣe lórí òkun, kó sì bi wọ́n, kó tó san kọ́bọ̀, irú iṣẹ́ àti mítà mélòó ni ìwé ẹ̀rí wọn gbà fún.